Yìnyín abẹ́rẹ́ ìyàwó mi ni wọ́n fi ṣe àlejò

Òjò tó ń wó òpó iná, òkùnkùn láti ìjẹta, àti abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ìyàwó mi tí kò gbọ́dọ̀ gbóná: ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìwọ̀nyí.

Láàárọ̀ yìí mo ra yìnyín ní àdúgbò Adankolo, mo kó o sínú kúlà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ náà. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

Lọ́sàn-án, mo ṣí i wò. Omi àti abẹ́rẹ́ nìkan ló kù, ìdérí mọ́ọ̀tì kan ń léfòó lórí omi náà.

"Ta ló kó yìnyín mi?"

Ìyàwó ọmọ mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fi mú mọ́ọ̀tì tutù fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí yín. Ẹ máa ń ní ká má fún àlejò yín ní ohun tó gbóná."

"Ṣé o fẹ́ pa ìyá ọkọ rẹ ni?"

Ìyàwó mi dáhùn láti yàrá: "Bàbá Ṣọlá, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìgò méjì lẹ mu níbẹ̀, ẹ tún ní ó tutù dáadáa."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ṣé ẹni tó mu mọ́ọ̀tì ló jẹ̀bi, àbí ẹni tó ṣí kúlà?

Mo ti gbé abẹ́rẹ́ náà lọ sí fíríìjì kẹ́míìsì tó ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n n ó lọ ra ìkòkò amọ̀ ní abúlé wa ní Ọ̀wọ́rọ̀, n ó fi abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, n ó rì í sínú yanrìn tútù, bí ìyá mi ṣe ń mú omi tutù. Kò sí àlejò tó ń mu yanrìn. Ọjọ́bọ̀ yìí ni mò ń lọ.