Ọjọ́ Tí Norris Ní Kí Òun Kọ́kọ́ Kọrin

Ní ilé ọtí Ìdákọ̀ró ní Fleetwood, ìlú apẹja kan létí òkun ní England, ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni tó bá ní ohùn tàbí gìtá lè dìde kó kọ orin méjì. Bev Catterall ló ń darí rẹ̀. Á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kọrin sára pátákó dúdú tó wà lẹ́bàá ilé ìtọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkè pátákó ni ti àwọn tí a ò mọ̀: àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn àlejò tó wá lo ìsinmi létí òkun, àwọn tó ń kọrin nígbà tí àwa yòókù ṣì ń bọ́ ẹ̀wù òtútù tí a sì ń bi ara wa léèrè ohun tí kálukú máa mu. Ìsàlẹ̀ pátákó ni ti ẹni tí gbogbo ilé ń dúró dè. Ó ti lé lógún ọdún tó jẹ́ pé orúkọ kan náà ló ń wà níbẹ̀: Norris Threlfall.

Ọmọ èbúté ni Norris. Bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ apẹja lọ dé òkun Iceland, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fi máa dàgbà, ọkọ̀ tó kù ní Fleetwood ò tó nǹkan mọ́. Ẹja ló ń là ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn èbúté títí wọ́n fi ti ibẹ̀ náà pa. Ó ga, èjìká rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tó ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bev á wá sọ sínú máìkì pé, "Ó ku ẹnì kan," gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́.

A kì í san owó fún akọrin ní Ìdákọ̀ró. Ife bíà ńlá kan ni ilé ń fún ẹni tó bá kọrin, tí orin rẹ̀ bá sì dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, wọ́n á ra tiwọn náà, wọ́n á tò ó sórí dùùrù tí a ti dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Ti Norris máa ń kún orí dùùrù. Ó ń mu kó tó kọrin kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbọ̀n, ó ń mu láàárín orin méjèèjì, ó sì ń mu lẹ́yìn rẹ̀ títí kan gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Maureen fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsàmì Tilly, ọmọ kan ṣoṣo tí Janine ọmọ rẹ̀ bí, Norris mutí yó, ó ṣubú lu tábìlì oúnjẹ, díẹ̀ ló sì kù kí ó wó lu ọmọ náà. Janine gbé ọmọ rẹ̀, ó padà sí Blackpool, kò sì gbé ìpè bàbá rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́rin.

Nígbà ìkórè tó kọjá, dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọtí ti bà jẹ́ hàn án. Norris ò mu mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílé, ó ní orúnkún ló ń dun òun, a sì gbà á gbọ́. Kò lè wá sí Ìdákọ̀ró nígbà tó bá ku akọrin díẹ̀, kó kọ tirẹ̀, kó sì lọ, nítorí ìwà kan ṣoṣo tí a kì í gbójú fò níbẹ̀ nìyẹn: kí èèyàn kọ orin tirẹ̀ láì dúró gbọ́ tàwọn yòókù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi hàn pé a kò jẹ́ nǹkan kan lójú òun.

Ó pe Janine títí ó fi gbé e. Norris sọ fún un pé òun ò mutí mọ́, pé òun sì fẹ́ máa rí Tilly. Janine tẹ́tí títí ó fi parí.

"Ẹ padà lọ sí Ìdákọ̀ró ní Sọ́ńdè," ni Janine wí. "Ẹ jókòó síbẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń jókòó, kí ẹ kọ ìkẹyìn bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Màá mú Tilly wá láago márùn-ún. Tí mo bá bá yín tí ẹ ò mutí, Tilly á máa wá sọ́dọ̀ yín. Tí mo bá gbóòórùn ọtí lẹ́nu yín, Dádì, ó parí nìyẹn. Mi ò ní bá yín jà. Mi ò kàn ní wá mọ́."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni? Wá bá mi nílé."

"Nílé tí kò sí ọtí? Ta ni ò lè má mu níbẹ̀?"

Ní ọjọ́ Àìkú náà, Norris ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí Gus Wignall, oní-ilé-ọtí, tó ṣí i. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tí wọ́n sì rí i lórí àga rẹ̀, wọ́n pariwo. Ted Bamber tó ń ta bánjò gbá a lẹ́yìn.

"Òkú ti jí! A ti fẹ́ ta gìtá ẹ ká fi ra òdòdó sára pósí."

"Orúnkún ló ń dùn mí, Ted."

"Ṣé orúnkún lo fi ń kọrin ni?"

Gus fa bíà sínú ife ńlá, ó gbé e síwájú Norris, ó sì fi àkísà nu abẹ́ rẹ̀. "Tilé nìyẹn. Káàbọ̀, bàbá."

"Mò ń lo oògùn, Gus."

"Oògùn kí ni?"

"Ti àyà."

"Bíà ló ń mú àyà le," ni Ted dá sí i. "Bàbá mi mu ún lójoojúmọ́, ó sì pé àádọ́rùn-ún ọdún."

"Bàbá ẹ mutí yó ṣubú sínú odò Wyre ni," ni Gus wí.

"Ní àádọ́rùn-ún ọdún!" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, Norris náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ra ife kejì fún un nítorí pé ó padà dé. Obìnrin kan tó ń ta ẹja díndín ní ìkángun òpópónà ra ẹ̀kẹta, ó sì fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ìfófòó tó wà lórí ife àkọ́kọ́ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi tútù sì ń ṣàn lára ife náà dé orí tábìlì. Norris fi ìka kan kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ó dìde, ó lọ bọ́ ojú rẹ̀ ní ilé ìtọ̀. Nígbà tó jáde, Bev wà nídìí pátákó, ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ Norris sísàlẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Norris ka àwọn orúkọ tó wà lókè tirẹ̀. Wọ́n pọ̀ gan-an, orin méjì-méjì sì ni kálukú máa kọ. Ó wo tábìlì rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti gbé ife kẹrin síbẹ̀.

"Bev, jọ̀ọ́, gbé mi lọ sókè."

"Òkè ibo?"

"Òkè pátápátá. Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kọ."

Bev rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ilé ìwé kan ló wà níbẹ̀, ó sì ń gbọ̀n látàárọ̀. Ṣé ìwọ náà fẹ́ gbọ̀n ni?"

"Mo ti ń gbọ̀n."

Bev wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Norris, torí ẹ làwọn èèyàn yìí ṣe wá. Ìwọ fúnra ẹ lo sì sọ fún mi pé Janine ń bọ̀ láago márùn-ún. Tó o bá kọ́kọ́ kọ, kò ní bá ẹ nídìí ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lóòótọ́?"

"Nu orúkọ mi, Bev. Mo bẹ̀ ẹ́."

Bev fi etí apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì tún un kọ sókè pátápátá.

Bev ti so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga kan, ó sì ń fi orin náà hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó pe Norris, àwọn kan rò pé ó ń ṣeré ni. Àwọn èèyàn ṣì ń wọlé, ilẹ̀kùn ṣì ń gbá, Gus ṣì ń fa bíà. Norris ò tíì kọrin níwájú èèyàn láìmu ọtí rí láyé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ohùn sókè jù, ó sì ní láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ike pẹlẹbẹ tó fi ń ta okùn gìtá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá a, kò rí i, ó wá ń fi èékánná ta á. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ọ̀rọ̀ orin náà pòórá lórí rẹ̀. Ó ta okùn lọ, ó ta okùn bọ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Ó ti yó!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Aago méjì péré!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà. Bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ará ilé ẹni ni.

"Ẹ fún un ní ọ̀kan sí i kó lè nàró!" ni Ted wí. Gus sì gbé ife tuntun wá sórí dùùrù, níbi tí ọwọ́ Norris tó o láì na apá.

Norris fi orin àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì kọ orin kejì bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un bí a ṣe ń pa á fún àwọn tó bá wà lókè pátákó. Ó ti gìtá bọ inú àpò, ó sì mú ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀n. Ted dìde, ó dí ọ̀nà.

"Ibo lò ń lọ? Èmi ò tíì kọ."

"Dárí jì mí, Ted."

"Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó gbọ́ tìẹ ńkọ́? Ṣé a ti kéré lójú ẹ ni?"

Norris yà fún un, ó sì jáde.

Ibùdó tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì lọ sí Blackpool, kò jìnnà, ó wà lẹ́bàá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn sọdá odò. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé onígíláàsì náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí òkun pẹ̀lú òjò wínníwínní. Ní òdìkejì títì, ilé ìtajà kékeré kan to ọtí inú agolo sójú fèrèsé. Norris ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀. Tíráàmù kan dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Ó ti pinnu pé bí Janine bá sọ̀ kalẹ̀ láago márùn-ún, òun á sọ fún un pé òun ti kọrin tán. Kò mọ ohun tí òun máa sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Aago mẹ́rin ò tíì lù tí Janine fi dé. Ó di Tilly lọ́wọ́ mú pinpin, ó sì dúró lókèèrè.

"Mo rí yín," ló sọ.

"Níbo?"

"Lórí fóònù Bev. Mo pe Tilly pé kó wá wo bàbá àgbà. Ó bi mí pé ṣé ara yín ò yá ni. Kí ni kí n sọ fún un? Mo wá kí n lè sọ ọ́ fún yín lójúkojú pé ó ti parí, kí ẹ má bàa máa pè mí mọ́."

"Mi ò mutí, Janine."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsàmì. Ẹ ń sọ ọ́ lọ́wọ́ lẹ ṣubú."

"Wá gbóòórùn ẹnu mi."

Janine fi ọmọ sílẹ̀ níbi tó wà, ó wá. Norris ya ẹnu bí ẹni tó wà níwájú dókítà, ó mí jáde, èémí rẹ̀ sì funfun nínú òtútù. Janine tẹ orí sún mọ́ ọn. Kò gbọ́ òórùn kankan bí kò ṣe ti ẹni tí kò tíì jẹun látàárọ̀. Ojú rẹ̀ ò rọ̀ síbẹ̀.

"Ẹ ò mutí, ẹ wá ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò fẹnu kàn án."

"Kí wá ló dé tí ẹ ò fi dúró? Ìkẹyìn ni mo ní kí ẹ kọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn."

Norris ní ìdáhùn púpọ̀. Ó ti ń ní wọn láti ọjọ́ pípẹ́: orúnkún, ilé iṣẹ́ tí wọ́n tì, Maureen, ariwo ilé. Kò mú ìkankan nínú wọn.

"Mi ò lè jókòó síbẹ̀," ló sọ. "Wọ́n gbé e síwájú mi. Ká ní mo dúró de ìkẹyìn, màá ti mu ún. Kì í ṣe bóyá, Janine. Màá ti mu ún tán kó o tó dé. Mi ò lè dúró níbi tó bá wà. Mi ò ní agbára ẹ̀."

Janine ti gbọ́ ìlérí bàbá rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò gbọ́ èyí rí.

"Ṣé ẹ máa padà wọ ibẹ̀?" ló béèrè.

"Rárá."

"Kí lẹ wá fẹ́ máa ṣe ní Sọ́ńdè?"

Norris fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Mi ò mọ̀," ló sọ láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Tíráàmù yí po níbi tí ọ̀nà rẹ̀ pin sí, ó wá dúró níwájú wọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà wà lọ́wọ́ Janine.

"Mọ́mì, tiwa nìyí," ni Tilly wí, ó sì ń fà á láṣọ.

Janine wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Agogo tíráàmù dún, ilẹ̀kùn padé, tíráàmù náà sì lọ. Janine jókòó sí ìkángun kejì àga náà, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí àárín òun àti bàbá rẹ̀.

"Jẹ́ ká jókòó ti bàbá àgbà díẹ̀. Èyí tó bá tún dé la máa wọ̀," ló sọ fún Tilly.