Apá Ọ̀tún Marcelline

Marcelline ará Yoko, tí gbogbo ọjà Sakété ń fi gààrí rẹ̀ yangàn, òun ló wá di ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ fún bí ọmọ ọwọ́. Háà, ayé! Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń yan gààrí, àfọ́kù igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín lójú. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rù, iṣan èjìká já. Wọ́n là á nílé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, wọ́n rán iṣan náà padà mọ́ egungun, wọ́n sì fi aṣọ so apá náà kọ́ ọ lọ́rùn.

Flore, ọmọbìnrin tó ń bá a na apá nílé ìwòsàn, kìlọ̀ fún un títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Màmá, èmi ni màá máa gbé apá yìí fún yín. Ẹ má gbé e fúnra yín o. Iṣan yẹn ò tíì lẹ̀ mọ́ egungun. Tó bá tún já, kò dájú pé ó ṣeé rán mọ́."

Ẹ̀rù ba Marcelline. Bí kò bá yan gààrí mọ́, kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ìjókòó ló ń sùn mọ́jú, ẹkún ló sì fi ń jí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, alùpùpù já ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti Pobè wá kí i. Kò sẹ́lòmíì nílé. Marcelline kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé igbá omi síwájú rẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó lanu. Ìyá ò gbà á, iwájú ló kàn ń wò.

Yéè! Ọwọ́ òsì, fún ìyá ọkọ! Ojú ti Marcelline débi pé ó gbàgbé Flore, ó gbàgbé Àjàṣẹ́. Ó fa apá ọ̀tún yọ kúrò nínú aṣọ, ó fi gba igbá, ó nà án.

Nǹkan já nínú èjìká rẹ̀. Igbá bọ́, omi dà sí ìyá lẹ́sẹ̀.

"Kí nìyẹn? Ìyàwó mi, ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀?"

"Omi ni mo gbé fún yín, ẹ ò gbà á. Mo rò pé torí ọwọ́ òsì ni."

"Ọwọ́ òsì wo? Ojú mi ló ti ń ṣú láti ìgbà ọyẹ́, mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni. Mi ò rí igbá kankan! Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n là ọ́? Ò báà fẹsẹ̀ gbé e wá, màá mu ún."

Ìyá na ọwọ́, ó ń wá a kiri títí ó fi kan apá náà. Ó gbé e lé itan ara rẹ̀.

"Gbé e, ìyàwó mi. Jọ̀ọ́, gbé apá yìí díẹ̀ kí n mọ̀ pé kò tún já."

Marcelline di eyín pọ̀, ó fi gbogbo agbára gbé e. Apá ò kúrò lórí itan ìyá.