Lachie Purdie, Òpìtàn Drumfinnie

Lọ́jọ́ tí àwọn ará kánsù wá wo ilé ìlúwẹ̀ẹ́ Drumfinnie, àdúgbò wa ní Glasgow, pé bóyá kí wọ́n tì í pa, Lachie Purdie bẹ́ sómi tòun ti kóòtù, táì àti fìlà lórí. Ọ̀gá àwọn àlejò náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rhona Geddes, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún wa ni pé àwọn ará àdúgbò kì í lo ibẹ̀ mọ́. Lachie dá a lóhùn pé kò sí àárọ̀ kan tí òun kì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ikùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé. Obìnrin náà ní, "Ṣé òótọ́ ni, bàbá?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ lè pe Lachie ní wèrè, kò ní bá yín jà, ṣùgbọ́n kò lè fara da "ṣé òótọ́ ni."

Ó fò. Fìlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà yọ sókè, òun náà wá tẹ̀ lé e, ó ń ju apá bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kò pẹ́ tó fi yé gbogbo wa pé ọkùnrin tó ti ń sọ fún wa láti ìgbà èwe rẹ̀ pé òun lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò Clyde kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ rárá. Senga Moffat, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé àwọn méjèèjì jọ pín ògiri, ló mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí ojú omi. Ó fi kọ́ ọ ní kọ́là, ó sì wọ́ ọ wá sétí omi. Lachie tu omi ẹnu rẹ̀ dànù, ó yíjú sí obìnrin kánsù náà, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ti lò ó lónìí."

Iṣẹ́ gígé tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì ni Lachie ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, yóò ní òpìtàn lòun. Kò sí òkúta kan ní Drumfinnie tí kò ní ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹṣin ọba kan tó ń sá fún ọ̀tá ló mu omi nínú ọpọ́n òkúta tó wà níwájú stéṣọ̀n rélùwéè. Senga, tí wọ́n jọ dàgbà ní àdúgbò náà, a máa wí fún un lójú àlejò pé ojú òun ni bàbá òun ṣe ra ọpọ́n yẹn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, ẹlẹ́dẹ̀ ló sì ń jẹun nínú rẹ̀. Lachie kì í bá a jiyàn. Á ní, "Ṣé mo sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ ò jẹun níbẹ̀ ni? Ẹṣin ọba ló kọ́kọ́ débẹ̀."

Aago stéṣọ̀n yẹn gan-an, kò fìgbà kan bá ti àárín ìlú dọ́gba. Àwa rò pé ó bàjẹ́ ni. Lachie ní kò bàjẹ́ rárá: Drumfinnie ti wà kí Glasgow tó wà, kò sì sídìí tí aago àgbà yóò fi máa dúró de ti ọmọdé.

Nígbà kan, tọkọtaya ọ̀dọ́ kan, Fergus àti Ailsa, ra ilé ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Bí wọ́n ṣe ń já ẹrù lọ́wọ́ ni Lachie ti débẹ̀ láti sọ fún wọn pé bíṣọ́ọ̀bù kan sá pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilé wọn láyé àtijọ́, ó sì kú síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ailsa ti ń gbọ́ ikọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Fergus wá bá Lachie pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, ó ní ìyàwó òun ti ń di ẹrù padà. Ni Lachie bá lọ síbẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ fún Ailsa pé bíṣọ́ọ̀bù ti gbà láti kó lọ sí ìlú Paisley, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àlùfáà dáadáa. Lóòótọ́, ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Ó ṣe díẹ̀ ká tó mọ̀ pé Fergus ló ń yọ́ mu sìgá lábẹ́ ilé.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ omi. Arábìnrin Geddes ní òun yóò padà wá nígbà tí òtútù bá lọ tán. Bí òun bá bá èrò níbẹ̀, ó di kí ilé ìlúwẹ̀ẹ́ náà máa wà lọ. Bí kò bá sí èrò, títì ni. Lọ́jọ́ kejì, Senga kan ilẹ̀kùn Lachie, ó ti gbé táwẹ̀lì sí èjìká.

Lachie ní, "Ó ti pẹ́ jù, Senga. Àgbà kì í kọ́ irú nǹkan báyìí."

Senga ní, "Ẹni tó ti la Clyde kọjá? Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Ìròyìn kì í pẹ́ káàkiri Drumfinnie. Kí Lachie tó ti ẹsẹ̀ bomi, èrò ìwòran ti kún etí omi. Murdo Tait, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, bínú nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n wọ̀ wọlé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ wòran kó bọ́ sínú omi kó máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbààgbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ṣe bọ́ sómi, tí àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ìkàwé bọ́ sí i, tí pásítọ̀ pẹ̀lú bọ́ sí i. Lára wa, àwọn kan kò tíì fi omi kan gbogbo ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Ẹ̀rù ba Lachie gan-an ni. Ó di irin etí omi mú bí ẹni di ẹ̀mí mú, kìkì ìtàn ló sì lè mú kó tú u sílẹ̀. Senga mọ ìyẹn. Ní àárọ̀ kan, ó ṣe bí ẹni ṣèèṣì sọ pé àwọn tó kọ́ ilé ìlúwẹ̀ẹ́ náà kò mọ̀ ju bíríkì lọ. Lachie ní irọ́ ni, àwọn ẹni mímọ́ ìgbàanì ló gbẹ́ kòtò rẹ̀. Senga ń fà sẹ́yìn nínú omi, ó ń jiyàn. Lachie ń tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣàpèjúwe. Nígbà tó máa fi sin ẹni mímọ́ tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri òdìkejì. Ó wẹ̀yìn, ó rí ibi tó ti kúrò.

Nígbà tí Arábìnrin Geddes padà dé, kò ríbi dúró sí. Wọn ò ti ilé ìlúwẹ̀ẹ́ náà mọ́, ó wà níbẹ̀ dòní. Ní ti Lachie, kò jẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ rì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, kí àánú lè ṣe kánsù.

Orí àga rẹ̀ ló kú sí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú díẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo wa kóra jọ sí gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì, a ń jẹ páì ẹran, a ń mu tíì, a ń sọ irọ́ Lachie ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń pa wá. Nígbà tó yá, Senga gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò jáde nílé mọ́. Lachie wá kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní ọkọ mi ló kọ́ afárá odò ìsàlẹ̀ yẹn. Ọkọ mi tí kò lè kan ìṣó mọ́ ògiri. Inú bí mi débi pé sálúbàtà ilé ni mo wọ̀ tẹ̀ lé e, à ń jiyàn títí a fi dé orí afárá. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé irọ́ mìíràn dé. Kí n tó mọ̀, mo ti ń jáde láràárọ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ rò pé mi ò mọ ohun tó ń ṣe? Mo mọ̀. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀."

Ailsa sún mọ́ ọn, ó bi í pé ṣé àwọn méjèèjì ṣì ń rin ọ̀nà afárá yẹn láràárọ̀ títí Lachie fi kú.

"Bí òjò ò bá pọ̀ jù."

Ailsa ní, "Màmá, màá wá pè yín lọ́la."

Senga ní kó tètè dé, òun kò fẹ́ràn kí wọ́n máa dá òun dúró.