Rhoda Kúnlẹ̀ Kó Tó Jà

Ọdún 1978 ni Dáníẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlọrin, gbé kámẹ́rà wá sí Òmù-Àrán. Ó fẹ́ fi Abẹ̀kẹ́ Apá-Irin ṣe fíìmù, obìnrin inú ìwé aláwòrán tó máa ń wọ ṣòkòtò pupa, tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò. Ó ní àwọn ọmọge tí òun ti dán wò ní Ìlọrin, garawa omi gan-an kò ṣeé gbé fún wọn.

Wọ́n júwe Rhoda Awóyẹmí fún un. Òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé, òun nìkan ló sì ń gbé ìkòkò ńlá ẹ̀wà wọn kúrò lórí iná. Ogún ọdún ló ti ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀wà bá jóná nìkan ni wọ́n ń bèèrè ẹni tó sè é.

“Ìyá Ambrose,” ó wí fún mi lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, “ojú mi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Mo bá a gbàdúrà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ẹsẹ Bíbélì tó bá ṣòkòtò pupa mu.

Ẹni tí Dáníẹ́lì mú ṣe ọ̀tá Abẹ̀kẹ́ ni Ọlábọ̀wálé, àbúrò ọkọ Rhoda, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Rhoda dàgbà jù ú lọ, àmọ́ ó bá a nílé nígbà tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni òun náà. Kì í pe orúkọ rẹ̀. “Akọ̀wé” ló ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀.

Dáníẹ́lì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Rhoda sáré lọ bá ọ̀tá, ó dúró, ó kúnlẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀ o.”

Ó wá gbé e sókè, ó jù ú sínú koríko.

“Mà, ọ̀tá yín nìyẹn,” Dáníẹ́lì wí. “A kì í kí ọ̀tá.”

“Inú ìwé tiyín ló ti jẹ́ ọ̀tá. Ọkọ mi ni nílé wa.”

Ọlábọ̀wálé tu koríko lẹ́nu. “Bí kò bá kí mi, n kò ní ṣubú.”

Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n tún un ṣe, ìgbà mẹ́fà ni eékún rẹ̀ kanlẹ̀, títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú kámẹ́rà. Dáníẹ́lì bá mú Suwebat, arẹwà ọmọ Ìlọrin, pé kí ó máa ṣe ibi tí ojú bá ti hàn. Ohunkóhun tó bá wúwo, kí Rhoda kẹ̀yìn sí kámẹ́rà kó gbé e, kó kúnlẹ̀ ná bó bá wù ú. Rhoda ní ó dáa. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, ẹ̀wà sì jóná lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé fíìmù náà wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Dáníẹ́lì ròyìn fún wa pé àwọn ọmọdé Ìlọrin ti ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó jà, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni Abẹ̀kẹ́ ti ń gba agbára. Èmi kò rò pé wọ́n ṣìnà.

Rhoda jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Suwebat rẹ́rìn-ín títí nínú fíìmù, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Àfi ìgbà tí Abẹ̀kẹ́ kẹ̀yìn sí wa, tó sáré bá ọ̀tá, tí eékún méjèèjì kanlẹ̀.

“Rhoda nìyẹn,” obìnrin kan wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn pa Abẹ̀kẹ́ tì, wọ́n yíjú sẹ́yìn láti wo Rhoda. Ojú tó ní kí n gbàdúrà sí, ó ti fa gèlè bò ó.