Ọmọ Ewúrẹ́ Tí Kò Mu Àgbo

Òórùn ewé gúáfà tó ń hó nínú ìkòkò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọyẹ́ mú gan-an, màmá mi sì ti wà nídìí ààrò lẹ́yìn ilé wa ní Kabong, lókè Ọya, ó ń fẹ́ iná. Méjì nínú àwọn ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń ṣu gbuuru, dúdú kan, funfun kan. Àgbo tí ìyá tirẹ̀ fi ń wo ẹran ní Iléṣà ló ń sè fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tíṣà wa gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì. Ó bomi rin ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Ó ní láìfi ọ̀kan sílẹ̀, a kò lè mọ̀ bóyá omi ló mú èkejì dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Nígbà tí màmá mi fa ẹran lé mi lọ́wọ́ tó lọ sọ́jà, dúdú nìkan ni mo fún ní àgbo. Mo da ti funfun sídìí máńgòrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo ń yẹ ìdí wọn wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ara dúdú yá. Funfun kú ní ọjọ́ kẹrin. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo ti rí ìdáhùn, kí ẹ̀rù tó bà mí.

"Ṣé àwọn méjèèjì lo fún?" ni màmá mi bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Hàjíà aládùúgbò wa ní, "Sai hakuri, Mama Bọ́lá," ó ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe sùúrù. Màmá mi kò se àgbo náà mọ́ láti ọjọ́ náà. Òun tó máa ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ó gba tèmi gbọ́ láìjanpata.

Lónìí, irú ìdánwò yẹn ni iṣẹ́ mi. A ń fún àwọn eku ní òróró tó ń mú wọn ṣu gbuuru, a ń fún àwọn kan ní omi ewé gúáfà, àwọn yòókù ń mu omi lásán. Mo ń kọ ohun tó ṣe wọ́n sílẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán mi sì ń dùn lẹ́nu mi. Lóṣù tó kọjá, mo pe màmá mi, tó ti padà sí Iléṣà, mo sọ fún un pé ewé náà ń jẹ́.

"Mo mọ̀ pé ó ń jẹ́," ló wí. "Ìyá mi kò purọ́. Ọwọ́ tèmi ni kò dáa."

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹgba ni èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń bẹ̀rù nígbà náà. Ta ló fẹ́ na èmi báyìí? Síbẹ̀, mo bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní Iléṣà.