Ìyá Wọ́ọ̀dù Lọ Ṣe Ìdánwò Dókítà

Máàkì mọ́kàndínlógún nínú àádọ́ta. Obìnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Wọ́ọ̀dù wo ìwé náà, ó dorí rẹ̀ kodò bóyá òdì ló ti ń wò ó, ó tún dá a pa dà. Mọ́kàndínlógún náà ni. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rántí pa á dé.

Kì í ṣe físíìsì ló gbé e ṣubú o. Físíìsì tó ti gbàgbé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó ti fi omijé àti àdúrà kọ́ ọ pa dà, Ọlọ́run sì bá a ṣe é. Kẹ́mísìrì náà kò dójú tì í. Apá kẹta ìdánwò ló ṣe é ní ṣùtá, apá tí wọ́n ti ń bi èèyàn pé bí báyìí báyìí bá ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn, kí lo máa ṣe? Apá tó ti ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyẹn. Ọdún méjìlélógún ló ti lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ó ti jẹ ìgbájú lọ́wọ́ ẹni tí ibà ń dà láàmú, ó ti fọ egbò tí àwọn ẹbí aláìsàn sá fún, ojú òkú tó ti pa dé kò lóǹkà. Bí wọ́n bá ní kí ẹja wá ṣe ìdánwò nípa omi, ó yẹ kí ẹja fìdí rẹmi ni?

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi Tíṣà.

Tíṣà yìí ni wọ́n jọ ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn; èyí tí wọ́n ṣe yìí, ìdánrawò ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ṣùgbọ́n ó ti wù ú pẹ́ kó di dókítà. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nígbà tí iléèwé bá dákẹ́, wọn a jókòó sínú kíláàsì rẹ̀ lórí àga àwọn ọmọdé, orókún wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọn a máa yanjú ìbéèrè àtijọ́. Tíṣà ti fi ọwọ́ bo ìwé tirẹ̀.

"Mélòó ni? Má fi pa mọ́ fún mi."

"Mọ́kànlélógójì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ ni! Ìwọ! Ìwọ tí o dákú lọ́jọ́ tí ọmọ kíláàsì rẹ ṣẹ̀jẹ̀ nímú?"

"Mi ò dákú. Mo kàn jókòó ni."

"Sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀! Pẹ̀lú ojú tí o pa dé!"

Tíṣà kò jà. Ó fa ìwé obìnrin náà mọ́ra, ó mú bírò pupa. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìbéèrè kìíní: bàbá arúgbó kan kọ̀, kò fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀. Kí lẹ mú?"

"Mo ní kí wọ́n pe dókítà."

"Ìkẹrin: ìyàwó aláìsàn ń pariwo mọ́ yín, ó ní ẹ fẹ́ pa ọkọ òun."

"Mo pe dókítà."

"Ìkẹsàn-án: òògùn tí wọ́n kọ kò bá àìsàn mu."

"Kí ni mo tún fẹ́ ṣe níbẹ̀? Dókítà náà ni mo pè! Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn."

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà wo lẹ fẹ́ pè? Ẹ̀yin ni dókítà náà."

Háà! Ó dà bíi pé ẹnì kan da omi tútù sí i lẹ́yìn ọrùn. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín, àwa ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe Ìyá Wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbangba ló hàn. Látọdún tó ti ń ro ó pé òun yóò di dókítà, ó ti ro ẹ̀wù funfun, ó ti ro orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, ó tilẹ̀ ti ro bí àwọn aládùúgbò yóò ṣe máa kí òun. Kò ro ó kàn án rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wọ́ọ̀dù yóò kọjú sí òun, tí òun yóò bojú wẹ̀yìn, tí kò ní sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìgbà kò sí mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta kí sáà tó wọlé. Mẹ́rìnlélógójì lòun, oṣù méjì lẹ́yìn tí sáà bá wọlé ni yóò sì pé márùndínláàádọ́ta. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti bá a ṣírò rẹ̀. "Ọdún mẹ́fà lórí ìwé," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá ṣe tán, ìwọ ni wọ́n máa fún lọ́pàá, ìwọ náà ni wọ́n máa fún ní ẹ̀wù." Mátírọ̀n, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, tó kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, fi tirẹ̀ kún un: "Máa lọ o, dókítà ìyá àgbà. Èmi lo máa kọ́kọ́ tọ́jú, torí èmi náà á ti gbó."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan, ló ń ṣe aláìsàn nílé ìdáná. Ọmọ náà a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, a di inú mú. "Dókítà, mo ń kú lọ!"

"Ẹ má kú, ẹ jẹ́ kí n lọ pe . . ."

"Màámi!"

"Ó dáa, ó dáa. Níbo ló ti ń dùn yín? Àtìgbà wo?"

Ọ̀rọ̀ náà le ju físíìsì lọ. Àṣé bí ó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ó ti ń ṣí fáìlì, "ẹ jẹ́ kí n pe dókítà" yẹn náà ló wà lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó kà á níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan: ìgbà mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàdúrà tó sì ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run mọ ilé rẹ̀. Ìdánwò gan-an dé, ó yege. Tíṣà náà yege. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì pe àwọn méjèèjì.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, títí di òní ojú ń ti Ìyá Wọ́ọ̀dù láti sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo orí rẹ̀ tó ti ní ewú díẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀ tó jẹ́ bàtà ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ọ̀dọ̀ àwọn olùdánwò ni, ẹ máa bọ̀ níbí." Ó tẹ̀ lé e. Wọ́n fún un ní tíì, ó mu ún. Wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó jẹ ẹ́, ó sì ń yin ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́kàn pé wọ́n mọ àlejò ṣe. Ìgbà tí obìnrin kan tó jókòó tì í bi í pé, "Yàrá wo ni wọ́n fún yín láti máa bi wọ́n níbèèrè?" ni bisikíìtì há a lọ́fun.

Ó sáré jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo wọn dìde kí i. "Ẹ káàárọ̀, mà!" Tíṣà nìkan ló jókòó, ó ń fi ìwé bo ẹ̀rín.

Yàrá márùn-ún ni, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, agogo a dún, wọn a sún síwájú. Yàrá mẹ́rin àkọ́kọ́, ó gbìyànjú. Obìnrin kan tí wọ́n ní kó ṣe bí ìyá tínú ń bí kígbe mọ́ ọn, kò pe ẹnì kankan. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán. Ó ń jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti fún ní ẹ̀wù.

Yàrá karùn-ún, èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan, àti aránṣọ kan. Aránṣọ! Òun kò mọ ohunkóhun nípa ìṣègùn ju pé ó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn rí. Wọ́n fi í síbẹ̀ kó lè máa gbẹnu sọ fún àwọn aláìsàn. Òun ló béèrè.

"Mà, ìgbà wo lẹ rí ohun tí kò dáa lẹ́nu iṣẹ́ yín, tí ẹ dákẹ́?"

Ìdáhùn ti wà ní sẹpẹ́. Òun àti Tíṣà ti jọ ṣe é: nọ́ọ̀sì kan tó máa ń pẹ́ dé, bí òun ṣe dákẹ́ níbẹ̀rẹ̀, bí òun ṣe wá fi ìfẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìtàn náà dùn, kò pa ẹnì kankan lára. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Òmíràn ló jáde.

"Bíríkìlà kan ni," ó gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ. "Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìṣó gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà kẹ̀. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ kan fún un. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló yẹ kí wọ́n fún un ní ìwọ̀n yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ojú sókè.

"Mo rí i. Mo sọ fún dókítà náà. Ó bi mí pé nínú àwa méjèèjì, ta ni dókítà. Mo pa dà sí wọ́ọ̀dù, mo fa abẹ́rẹ́, mo sì gún un. Ọjọ́ méje. Ẹsẹ̀ náà jinná. Lọ́jọ́ keje, ó ń wo ẹnu mi, ó ní, 'Sístà, kí ló dé tí gbogbo yín kàn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?'" Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀, mò ń pariwo. Abẹ́rẹ́ náà ti ba etí rẹ̀ jẹ́."

Ẹni tí ẹnu yà jù níbẹ̀ ni òun tó ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Kódà tó bá ń gbàdúrà, ẹ̀bá rẹ̀ ló máa ń gbà kọjá, bíi pé Ọlọ́run kò ka fáìlì.

"Ta lẹ ti sọ fún?" aránṣọ bi í.

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, sà."

Agogo dún.

Níta, Tíṣà di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n mi! Nọ́ọ̀sì apẹ́lẹ́yìn wa ńkọ́?"

"Kò yọjú."

"Ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́! Èmi, mo sọ fún wọn pé mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Wọn kò gba Tíṣà. Ti Ìyá Wọ́ọ̀dù, ọmọ rẹ̀ ló já a nílé ìdáná, ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó fò sókè débi pé ìkòkò ṣubú. "Wọ́n gbà yín! Màámi, wọ́n gbà yín!" Ìyá náà ti ń jó kí ọmọ tó dé ìpínrọ̀ kejì. Ohùn ọmọ wá lọ sílẹ̀.

"Wọ́n ní . . . kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ sọ fún àwọn ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn yín, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ lé wá. Màámi, kí lẹ sọ fún wọn?"

Ijó já. Ìró ayọ̀ àti ìró ìgbájú nínú àpò ìwé kan ṣoṣo! Bí kò bá kọ ọ́, ààyè náà lọ, kò sì tún ní sí òmíràn láyé yìí. Bí ó bá kọ ọ́, wọ́n lè gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe nọ́ọ̀sì, kó má ṣe dókítà. Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì títí ọwọ́ náà fi mọ́.

Tíṣà ló lọ́rọ̀ lẹ́nu. "Dókítà náà ti fìlú sílẹ̀, àbí? Ẹ dì í rù ú! Ẹ kọ ọ́ pé òun ló kọ ọ́."

"Òun ló kọ ọ́. Ọwọ́ ta ni abẹ́rẹ́ wà?"

Ó kọ ọ́ lójú ìwé méjì. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Mátírọ̀n láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà. Ó dúró bí ọmọ iléèwé níwájú tábìlì. Mátírọ̀n kà á tán, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú.

"Ọjọ́ mélòó lo kọ síbí?"

"Ọjọ́ méje, mà."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Wọ́ọ̀dù nawọ́ sí ìwé náà. "Mà, mo rántí dáadáa . . ."

"Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni. Ara ọmọ rẹ ò yá lọ́jọ́ kẹrin, o gbàyè, ẹni tó sì yẹ kó dúró fún ọ kò wá." Mátírọ̀n kò wo ojú rẹ̀, ìwé ló ń wò. "Èmi ni mo dúró. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Mo rí ìwọ̀n yẹn. Mo wo orúkọ dókítà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo sì fa abẹ́rẹ́."

Ìyá Wọ́ọ̀dù jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń kọjá lára ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, wọ́n ń kíra wọn, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, ohun kan náà ló wà lọ́rùn àwọn méjèèjì bí okùn.

"Tún un kọ," ni Mátírọ̀n wí, ó sì ti bébà tuntun sí i. "Kọ ọ́ kó péye. Ọjọ́ mẹ́fà tìrẹ, ọjọ́ kan tèmi. Fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí n lè fọwọ́ sí i."

Ó kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó yí bírò pa dà, ó nà án sí Mátírọ̀n. Mátírọ̀n gbà á.