Sìkírátù àti Oògùn Inú Páálí

Ìyàwó wa, Sìkírátù, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́, páálí oògùn ló ń ṣẹ́ tó sì ń lẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Páálí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá díẹ̀, "Ayédèrú!" ló máa pè é, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a jiyàn.

Iṣẹ́ abẹ ló fi bímọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn kó má baà mọ ìrora. Ní ọjọ́ kẹta, orí fífọ́ dé. Bó bá dùbúlẹ̀, ara á tù ú. Bó bá dìde jókòó, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ìsọmọlórúkọ sì ń bọ̀, ó ti búra pé òun fúnra òun lòun máa jókòó gbé ọmọ òun.

Inú àpò ìwé pẹlẹbẹ kan ni ilé ìwòsàn kó oògùn rẹ̀ sí. Ó yínmú sí i. "Èyí tí ò ní páálí? Mi ò lò ó." Ó rán mi lọ sí kẹ́mísìtì ní Fádèyí, mo ra oríṣi méjì. Ó lo ti páálí pupa, ó dùbúlẹ̀, orí fúyẹ́. "Pupa dáa!" Ló bá dìde, ló bá figbe ta. Ó lo ti búlúù, ó dùbúlẹ̀. "Búlúù dáa jù ú lọ!" Ó dìde, ó tún figbe ta. Odidi ọjọ́ méjì! Inú bí mi débi pé ó ṣe mí bíi kí n dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo lọ pe Sabina, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ìlàjẹ. Ó ka ara páálí méjèèjì.

"Ìyá ìkókó, parasitamọ́ọ̀ kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó jù. Ìdùbúlẹ̀ yẹn ló ń tù yín lára." Ó tú àpò ìwé wò. "Èyí ló ní kaféènì, bíi ti kọfí. Òun ló sábà máa ń ran irú orí fífọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ń fà yìí lọ́wọ́. Ẹ má lo nǹkan kan mọ́ lónìí, ẹ máa mumi. Lọ́la, ẹ lo èyí nìkan. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn."

Ojú ti Sìkírátù.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó lò ó, ó rọra jókòó. Orí ṣì ń fọ́ díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé fara dà. Mo gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ni omi bá bọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé bí ojú ẹ̀ ṣe rí nìyí? Látọjọ́ tí mo ti bí i, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo wà, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń rí."